Kòkòrò Inú Obì: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Fi Fóònù Wá Oúnjẹ

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó máa ń fi fóònù ya ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ní fídíò. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò le. Ìyá á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa ṣa ẹ̀wà tàbí kó máa já ewédú. Ọmọ á bi í ní ìbéèrè kan nípa ayé àtijọ́, Ìyá á dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń sá fún àwọn agbowó-orí. Ohun tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ ìdána rẹ̀. Ìdí tí wọn kì í fi í jẹ́ kí ọmọdé súfèé lóru. Ohùn Ìyá dùn, kò sì mọ̀ rárá pé eré lòun ń ṣe. Láàárín ọdún kan, àwọn tó ń tẹ̀lé wọn ti lé ní 14,000. Obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lówó kí wọ́n lè máa dárúkọ ọjà rẹ̀. Ọmọ náà ra àga onítìmùtìmù fún Ìyá, ó sì tún òrùlé ilé ìdáná ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan ní ìsàlẹ̀ ọjà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Fídíò rẹ̀ kan ṣàdédé tàn ká, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti kọjá ọmọ tiwa. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò ronú mọ́ lórí ohun tí yóò bi Ìyá. Bó bá ti jí, ohun tí ọmọbìnrin yẹn gbé sórí ló ń kọ́kọ́ wò. Ó ṣí àkáǹtì mẹ́ta tí kò lórúkọ gidi, ó ń fi wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fídíò ọmọ ọlọ́mọ pé bàbá àyálò ni bàbá náà, pé wọ́n ń sanwó fún un láti purọ́ ni. Ẹnìkan tó mọ bó ṣe máa ń kọ̀wé dá a mọ̀, ó sì tú u fó. Ní aago kan òru, ó lọ láìfù láti gbèjà ara rẹ̀. Wákàtí méjì ló fi ń pariwo. Nínú ìbínú yẹn ló ti sọ ohun kan tó gbọ́ nípa ìyá ọmọbìnrin náà, ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta rárá. Àwọn tó wò ó lóru ọjọ́ náà pọ̀ ju àwọn tó ti wo fídíò Ìyá kan ṣoṣo rí lọ. Ó rí nọ́ńbà yẹn, ó sì gbà pé òun ti rí ọ̀nà. Nígbà tí nọ́ńbà tún lọ sílẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ kan tí Ìyá bá a sọ nínú òkùnkùn yàrá, ọ̀rọ̀ ọkọ tí Ìyá kọ́kọ́ fẹ́, ó sọ ọ́ di fídíò. Ẹnu ẹni tó ń ta tòmátì ni Ìyá ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, kò jókòó níwájú fóònù mọ́. Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Àga onítìmùtìmù yẹn wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, aṣọ tí wọ́n fọ̀ ni wọ́n ń kó lé e lórí.

Mi ò sọ èyí kí n lè fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo sọ ọ́ torí mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣubú nínú iṣẹ́ yìí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n tó rí èyí tí ọ̀tá ti òde wá bì ṣubú. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ìlara àti ìjọra-ẹni-lójú ni kòkòrò tí mo ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe skit, ẹ̀yin tí ẹ ń dáná, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ìtàn, tí ẹ ń jó, tí ẹ ń wàásù, tí ẹ ń ta ọjà lórí TikTok, YouTube, Facebook àti Instagram, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ẹ wo bí ọjà wa ṣe rí. Ní Bódìjà n'Ìbàdàn, aláta mẹ́wàá lè jókòó ti ara wọn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má mọ iye tí ẹnì kejì pa. Inú ìgbànú ni owó wà, lábẹ́ ìró. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí ojú lè dá sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ méjì, wọ́n sì fi aṣọ bò ó. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti tú ìgbànú gbogbo èèyàn sílẹ̀ ní gbangba ọjà. Iye tó ń tẹ̀lé ọ, iye tó wo fídíò rẹ, iye láìkì tí o rí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ síbi orúkọ rẹ bí ìgbà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀. Kí o tó kí aládùúgbò rẹ, o ti ka tirẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó lè máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ogójì ìgbà lóòjọ́ kí ọkàn rẹ̀ má ṣàìsàn.

Nọ́ńbà náà kì í sì í sọ òtítọ́ tán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. YouTube kì í pín owó ìpolówó orí fídíò gígùn fún ẹnikẹ́ni, àfi tí 1,000 èèyàn bá ti forúkọ sílẹ̀ pé àwọn ń tẹ̀lé e, tí àwọn èèyàn sì ti fi wákàtí 4,000 wo iṣẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù 12, tàbí tí wọ́n ti wo àwọn fídíò kúkurú rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Bó bá dé ibẹ̀, náírà 55 nínú 100 ló kàn án, YouTube á mú ìyókù. Owó tí àwọn oníléeṣẹ́ ń san láti polówó fún ẹni tó jókòó sí London sì ju èyí tí wọ́n ń san lórí ẹni tó wà n'Ílọrin lọ fíìfíì. Ẹni méjì lè ní iye òǹwòran kan náà kí ọ̀kan máa ra mọ́tò, kí èkejì máa yá owó dátà. Facebook pàápàá, oṣù kẹfà ọdún 2024 ló tó ṣí owó ìpolówó orí fídíò fún àwọn tó ń gbé Nàìjíríà. Àwọn kan ń ra èèyàn ayédèrú tó ń tẹ̀lé wọn bí ẹni ra pọ́fupọ́fù. Àwọn mìíràn yá ilé tí wọ́n ti ń ya fídíò, wọ́n yá bàtà, wọ́n yá ọkọ̀. Ìwọ wá jókòó sórí ibùsùn, o ń fi ohun tí wọ́n yá bá ohun tí o ní gan-an díje.

Ohun tó tún dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ àdúgbò wa nìyí. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń wo ohun tí èèyàn fẹ́ràn, wọ́n á sì gbé èyí tó jọ ọ́ wá. Ẹni tó bá wo bàbá àgbà ìsàlẹ̀ ọjà tán, òun gan-an ni wọ́n máa fi ìyá àgbà àdúgbò wa hàn. Ọmọbìnrin tó ń bá jà yẹn ń kó èèyàn wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́, kò mọ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra. Ọmọ tiwa ń ṣẹ́ ìyẹ́ ara rẹ̀ kí ẹyẹ kejì má baà fò.

Nígbà tí ìlara bá pọ̀, ìlú gbogbo ló ń kó o. Ẹ rántí ọdún 2023. Láàárín ọjọ́ kọkànlá sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún náà, Hilda Baci, alásè ọmọ Nàìjíríà, dúró sídìí sítóòfù ní Lekki, l'Ékòó, ó ń dáná tọ̀sán-tòru. Ó ń wá ipò ẹni tó dáná pẹ́ jù láyé, tó wà lọ́wọ́ Lata Tondon, ará Íńdíà tó fi wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45 dáná lọ́dún 2019. Wákàtí 100 ni Hilda ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí Guinness World Records, àwọn tó ń kọ irú ipò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣírò rẹ̀ tán, wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n kọ sílẹ̀, torí ìsinmi tó gbà lẹ́ẹ̀kan kọjá iye tí òfin wọn fàyè gbà. Èèyàn tí oúnjẹ síse jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe èyí, pẹ̀lú ètò, pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí.

Ohun tí a rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé orúkọ wà níbẹ̀. Kò tó oṣù méjì tí gbogbo Nàìjíríà fi di pápá ìdíje. Ẹni tó fẹ́ kàwé sókè fún ohun tó lé ní ọjọ́ márùn-ún wà, ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ra ara lọ́jọ́ mẹ́ta láìsinmi wà. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko lòun yóò fi sunkún. Ohun tó sọ fún BBC lẹ́yìn náà ni pé orí fọ́ òun, ojú òun wú, òun kò sì ríran dáadáa fún ìṣẹ́jú 45. Kò tilẹ̀ tíì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Guinness. Ọmọ èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ojú tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀ nù nítorí ìwé ẹ̀rí tí kò béèrè fún. Ó dé ibi tí Guinness fi ní láti bẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n ń jowú rẹ̀. Kí ọdún 2023 tó parí, Alan Fisher, ọmọ Ireland tó ń gbé Japan, ti fi wákàtí 119 àti ìṣẹ́jú 57 gba ipò náà. Hilda Baci kò kú. Ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ó se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó wọn kílógíráàmù 8,780 l'Ékòó, Guinness sì tún kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í tán nígbà tí ẹlòmíràn bá borí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọra-ẹni-lójú báyìí, nítorí pé ìlara lè jẹ ọ́ ní kọ̀rọ̀ fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ìjọra-ẹni-lójú máa ń pa èèyàn ní gbangba, lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn tó dàgbà rántí ìjà Sikiru Ayinde Barrister àti Kollington Ayinla. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn méjèèjì ń fi orin fújì sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn, àwọn alátìlẹ́yìn wọn sì ń bá wọn jà á. Ṣùgbọ́n ẹ ro bí èsì ṣe ń rìn láyé ìgbà yẹn. Ẹni tí wọ́n bú ní láti kó àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ jọ, kí wọ́n fi ìlù gbá a wò, kí wọ́n lọ gbà á sílẹ̀, kí ilé iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí àwo, kí ọkọ̀ gbé àwo dé ọjà. Ọ̀sẹ̀ á ti gun ọ̀sẹ̀. Láàárín ìyẹn, àgbà kan á ti wá sílé, á ti sọ pé kí wọ́n yọ ìlà kan kúrò. Ìbínú á ti di ọgbọ́n orin, òwe á ti bo èébú. Wọ́n parí ìjà náà kí Barrister tó jáde láyé ní London ní oṣù kejìlá ọdún 2010. Àkókò ló gbà wọ́n.

Níbi tí kò bá sí àkókò láàárín ìbínú àti èsì, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980, nínú ilé ọtí kan l'Ábẹ́òkúta, Ayinla Omowura àti ẹni tó ti jẹ́ máníjà rẹ̀ ń bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ alùpùpù. Kọ́ọ̀pù ọtí dé orí, olórin àpàlà tí gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń tẹ̀lé kú. Alùpùpù kan.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ lóru kò yàtọ̀ sí ilé ọtí yẹn. Kò sí onílù tó máa ní kí a tún un gbá. Kò sí àgbà tó máa yọ ìlà kúrò. Èèyàn kan kọ kọ́méǹtì burúkú sábẹ́ iṣẹ́ rẹ, oorun ti lọ lójú rẹ, o tẹ láìfù, o sì bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn jókòó, wọ́n ń ju ẹ̀bùn, òdòdó róòsì, kìnnìún, o rò pé ìfẹ́ ni. Nǹkan bí ìdajì owó ẹ̀bùn yẹn ni ilé iṣẹ́ tó ni ojú òpó náà ń mú, kí èyí tó kù tó dé ọwọ́ rẹ. Èébú tí o fi gbà á, ìwọ nìkan lo máa ru ú. Àwọn kan tó ń ju ẹ̀bùn yẹn wà ní Peckham, àwọn kan wà ní Houston, wọ́n ń se oúnjẹ alẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń wo yín. Bí ìjà bá parí, wọ́n á lọ wẹ̀, wọ́n á lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ìwọ lo wà nílé pẹ̀lú ìyá tí o bú, àti ìyá ẹni tí o bú.

Òfin pàápàá kò sùn. Òfin Nàìjíríà tó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 tí wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024, sọ ọ́ ní abala 24: ẹni tó bá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbé irọ́ tó mọ̀ pé irọ́ ni jáde, láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu, lè san owó ìtanràn tí kò ju ₦7,000,000 lọ, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí kó gba méjèèjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí o bà lórúkọ jẹ́ lè pè ọ́ lẹ́jọ́ fún ara rẹ̀. Ohun tí o sọ lórí láìfù, ẹnìkan ti gbà á sílẹ̀ kí o tó parí gbólóhùn. Bí o bá pa á rẹ́, ó ti wà lórí fóònù ẹgbẹ̀rún èèyàn, ìyẹn ni agbẹjọ́rò á sì mú lọ sí kóòtù.

Ìlara tún ní irú kan tí kì í pariwo. Ìyẹn ni ti ẹni tó ń kó ọ̀rẹ́ jọ sínú WhatsApp kí wọ́n lè jùmọ̀ rípọ́ọ̀tì ẹlòmíràn. YouTube ní òfin kan: bí ẹ̀sùn pé o jí iṣẹ́ oníṣẹ́ bá pé mẹ́ta lọ́rùn rẹ láàárín ọjọ́ 90, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ rẹ pátá. Àwọn tí wọ́n ń jí iṣẹ́ wọn gbé ni wọ́n ṣe òfin yìí fún, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn alárankàn ti sọ ọ́ di àdá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà, ìtàn, ìrìn àjò, ohùn àwọn àgbà tó ti kú, lè wọlẹ̀ nítorí pé ẹnìkan kò fẹ́ rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú. Kí ẹni tó ń ṣe é má rò pé wọn kò lè rí òun. Lọ́dún 2019, YouTube fúnra rẹ̀ gbé ọkùnrin kan ní Omaha, ní Nebraska, l'Ámẹ́ríkà, lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé ó ń fi irú ẹ̀sùn irọ́ bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba àwọn tó ń ṣe fídíò géèmù, ó sì ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn. $25,000 ló san níkẹyìn, ó sì kọ ìwé àforíjì fún gbogbo ayé rí. Bí o bá gbẹ́ kòtò ìkà, má gbẹ́ ẹ jìn.

Mo ti dé ibi tó burú jù. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ó máa ń kọjá ẹ̀tẹ́. Ní Minnesota l'Ámẹ́ríkà, lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2017, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 22 kan di ìwé ńlá mú síwájú àyà rẹ̀, ó ní kí ọ̀rẹ́bìnrin òun yin ìbọn sí i, pé ìwé náà yóò dá ọta dúró, pé fídíò náà yóò sọ wọ́n di olókìkí. Ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta wà nítòsí. Obìnrin náà lóyún. Ọta la ìwé kọjá. Ẹjọ́ dá obìnrin náà lẹ́bi, ó sì lọ ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tí gbogbo ayé wá mọ orúkọ wọn, ọ̀kan ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọlọ́pàá mú ẹnìkan tó ń ṣe púráǹkì n'Ìbàdàn nítorí fídíò tó ṣe pẹ̀lú ọmọdébìnrin kékeré, kóòtù sì ní kí wọ́n fi í sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Èmi wò ó, mo ronú nípa ọmọ yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó máa dàgbà, fídíò á sì wà níbẹ̀. Àwọn kan tún ń ṣe bí ajínigbé, wọ́n ń wọ aṣọ dúdú, wọ́n ń gbé àpò lé orí ẹni tó ń lọ lọ́nà, kí wọ́n lè rí ẹ̀rù lójú rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ariwo "olè" kan ṣoṣo ti ń mú kí àwọn èèyàn gbé táyà àti epo bẹntiróòlù jáde, kí ló ń ṣe ẹni tó ń fi ajínigbé ṣeré? Wọn kì í dúró béèrè kámẹ́rà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ ìdí tó fi ń ṣe é. Ẹnìkejì rẹ̀ ṣe èyí tó kéré lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì rí òǹwòran jù ú lọ. Ìlù tó bá ń dún àdúnjù, yíya ló ń ya.

Ẹ̀yin òǹwòran, ẹ̀yin náà kò ní lọ láìgba ìbáwí. Ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́ sábẹ́ fídíò ọmọ kan pé "lágbájá ti gba ipò ẹ." Ẹ̀yin lẹ ń fi ọ̀rọ̀ ẹni yìí ránṣẹ́ sí ẹni yẹn, tí ẹ ń jókòó ti epo àti iná. Bí ìyá tó ń já ewédú bá sọ̀rọ̀ tó gbọ́n, èèyàn díẹ̀ ló ń wò ó. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń bú èèyàn lóru, gbogbo yín lẹ máa jí. Owó dátà yín ni ẹ fi ń bọ́ kòkòrò náà. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá sọ ara rẹ̀ sínú kànga, ẹ má wá kọ "sùn re o" síbẹ̀. Kò fẹ́ ẹ mọ́.

Sí ẹ̀yin tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ yín: ẹ yọ nọ́ńbà ẹlòmíràn kúrò lójú yín. Bí ẹnìkan bá wà tí o ń wo tirẹ̀ tí àyà rẹ ń já, má wò ó fún oṣù mẹ́ta, wo ohun tí iṣẹ́ tìrẹ máa dà. Fi ohun tí o fẹ́ sọ nínú ìbínú han àgbà kan kí o tó gbé e jáde. Bí kò bá sí àgbà nítòsí, dúró di àárọ̀. Bí o bá sì wà lórí láìfù lálẹ́ òní, tí o ń bá ẹnìkan jà, tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, pa á. Ẹ̀bùn yòówù kí wọ́n ju sí ọ, pa á.

Àti ìwọ, ọmọ àdúgbò wa, mo mọ̀ pé wàá ka èyí. Ìyá ṣì wà láàyè. Ẹ̀wà ló ń ṣa nígbà tí mo kọjá lánàá, ó sì béèrè rẹ lọ́wọ́ mi. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún un lónìí. Fi fóònù sílẹ̀ nínú yàrá.